Nọ́ḿbà nice nìkan kò tó: bí Linux ṣe ń pín CPU láàárín àwọn iṣẹ́ wa

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń lo Linux, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi Windows, lórí kọ̀ǹpútà tí a fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ ló gbà pé, bí iṣẹ́ kan bá ti ń fa gbogbo agbára ẹ̀rọ mọ́ra, ohun tó kù ni kí a fún un ní nọ́ḿbà nice tó ga, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń sọ bí ìpín rẹ̀ yóò ṣe tó, kí ara sì tu gbogbo àwọn yòókù. Ìgbàgbọ́ yẹn kì í ṣe irọ́ pátápátá, àmọ́ ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Iṣẹ́ fídíò ìnáwó ni mò ń ṣe ní Òkè-Fìà, níbí ní Òṣogbo. Bí ìgbéyàwó, ìṣílé àti ìsìnkú àgbà bá pàdé ní òpin ọ̀sẹ̀ kan náà, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kan ṣoṣo ni mo fi ń to fídíò pọ̀, tí mo fi ń kọ ìwé owó fún oníbàárà, tí mo sì fi ń dá àwọn tó ń béèrè lórí WhatsApp bóyá tiwọn ti parí lóhùn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ta ni yóò rí CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ, lò, àti iye tí yóò rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán fún mi.

Gbogbo process tó wà lórí Linux, ìyẹn ètò kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló ní iye nice tirẹ̀, láti -20 títí dé 19, òdo sì ni a máa ń bá lára wọn bí ẹnikẹ́ni kò bá fọwọ́ kàn án. Bí nọ́ḿbà náà bá ṣe ń ga sí i ni ìpín process náà ń kéré sí i. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé iye ètò tirẹ̀ sókè, ṣùgbọ́n láti fà á wálẹ̀, ó di ọwọ́ root, ọ̀gá ẹ̀rọ, tàbí ẹni tí a bá fún láṣẹ. Kódà ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e láti òdo lọ sí 10 kò ní lè dá a padà sí òdo láìgba àṣẹ. Àṣẹ nice la fi ń bẹ̀rẹ̀ ètò pẹ̀lú iye tí a fẹ́, renice la sì fi ń yí ti ètò tó ti ń ṣiṣẹ́ padà. Ẹni tó bá kàn tẹ nice ṣáájú orúkọ ètò láìsọ iye kankan, 10 ni yóò gbà.

Bí ẹ bá ṣí top, ètò tó ń fi àwọn process tó ń ṣiṣẹ́ hàn, ẹ ó rí òpó méjì tó jọ ara wọn, PR àti NI. NI ni iye nice fúnra rẹ̀. Bí a bá fi 20 kún un, a ti rí PR, nítorí náà process tó wà ní òdo ń fi 20 hàn, èyí tó wà ní 19 sì ń fi 39 hàn. Nínú kernel, ọkàn Linux fúnra rẹ̀, lọ́hùn-ún, ìpele ogóje ló wà, láti 0 dé 139: ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn iṣẹ́ kánjúkánjú tí n óò dárúkọ níwájú, ogójì tó kù ni ti nice. Ẹ má jẹ́ kí ìṣirò wọ̀nyí dà yín láàmú. NI nìkan ló kàn wá lójoojúmọ́.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fiyè sí ni pé nọ́ḿbà yìí kì í ṣe ipò lórí ìlà. Kì í ṣe pé ẹni tó wà ní 0 yóò ṣe tirẹ̀ tán kí ẹni tó wà ní 10 tó bẹ̀rẹ̀. Ìpín ni. Kernel ní àtẹ kan tó fi ń sọ nice di ìwọ̀n: 0 jẹ́ 1024, 1 jẹ́ 820, 5 jẹ́ 335, 10 jẹ́ 110, 19 kò ju 15 lọ, bẹ́ẹ̀ ni -20 jẹ́ 88761. Ìpele kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bíi ìlọ́po 1.25 ju èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí process méjì bá ń du core kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ kan nínú CPU, tí ọ̀kan wà ní 0, tí èkejì wà ní 1, ti àkọ́kọ́ yóò tó 55.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti èkejì yóò sì jẹ́ 44.5. Bí ó bá jẹ́ 0 àti 19, ó di 98.6 àti 1.4. Nítorí pé ìpín ni, kò sí ẹni tí ebi yóò pa kú nínú wọn. Ẹni tó wà ní 19 yóò máa rí tirẹ̀ gbà ní díẹ̀díẹ̀.

Ìpín náà kì í sì í ṣe òdiwọ̀n. Bí kò bá sí ẹlòmíràn tó ń béèrè, process tó wà ní 19 yóò gba CPU látòkè délẹ̀. Ìdí nìyí tí fáànì láptọ́ọ̀pù mi fi ń pariwo bákan náà lóru, yálà mo fi iṣẹ́ fídíò sí 19 ni o, tàbí mo fi í sílẹ̀ ní òdo, nítorí pé lásìkò yẹn kò sí ẹni tó ń bá a du nǹkan kan. Ẹni tó bá ń fi nice dín ooru kù, tàbí tó ń fi í tọ́jú bátìrì, irinṣẹ́ iṣẹ́ mìíràn ló mú dání.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá díjú nìyí. Àbúrò kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, ìṣirò ńlá kan tí ó fi Python kọ, ń lọ lójú terminal kan, ìyẹn fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ. Lójú terminal kejì, ffmpeg, ètò fídíò kan, ń fún àwọn fídíò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pọ̀ kí wọ́n lè wọ inú fóònù. Ó fẹ́ kí ti iṣẹ́ àṣekágbá máa sáré, kí ti fídíò máa rọra tẹ̀ lé e.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Mo ti fi 19 sí ffmpeg láti ìbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ dọ́gbadọ́gba ni àwọn méjèèjì ń pín in. Ẹ wo NI, 19 ló wà níbẹ̀.”

“Mo rí i. Kò sí àṣìṣe nínú ohun tí o tẹ̀. Pa méjèèjì ná, jẹ́ kí n fi nǹkan hàn ọ́.”

Ètò yes, tí kò mọ̀ ju kí ó máa tẹ lẹ́tà kan náà láìdúró lọ, la fi dán an wò. Nínú terminal kan ṣoṣo, a tẹ taskset -c 0 yes > /dev/null &, lẹ́yìn náà a tẹ taskset -c 0 nice -n 19 yes > /dev/null &, kí àwọn méjèèjì lè wà lórí core kan náà. Ohun tí top fi hàn kò yàtọ̀ sí ohun tí àtẹ ìwọ̀n sọ: ọ̀kan ń gba bíi 98, èkejì ń ráùn pẹ̀lú ìdá kan àti díẹ̀. A wá pa èkejì, a lọ ṣí terminal mìíràn, a sì tẹ àṣẹ kan náà gan-an síbẹ̀. NI ṣì ń fi 0 àti 19 hàn, ṣùgbọ́n òpó CPU ti di àádọ́ta sí àádọ́ta.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá fẹ́ ju ìyàwó kan lọ yóò tètè lóye ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí. Ọ̀nà méjì la fi ń pín ogún nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá pín in ní orí-ò-jorí, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gba tirẹ̀ lọ́gbọọgba. Bí ó bá jẹ́ ìdí-igi, ojú ìyàwó la ó fi pín in, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyálé bí yóò sì gba iye tí àwọn méje tí ìyàwó kejì bí yóò jọ pín. Orí-ò-jorí ni Linux fi ń pín CPU láàárín àwọn process tẹ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá tẹ make -j20, tó ń bẹ̀rẹ̀ ogún iṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ti kó ogún ọmọ wá síbi ogún, fídíò tí ẹ ń wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò sì máa dá dúró gẹ́lẹ́. Ní ọdún 2011, Mike Galbraith mú àtúnṣe kan wọ inú kernel 2.6.38 tí a ń pè ní autogroup, ó sì sọ pípín náà di ìdí-igi: gbogbo process tó bá jẹ́ ti session kan náà di ọmọ ìyá, terminal kọ̀ọ̀kan tí a bá sì ṣí ní session tirẹ̀. Láti ìgbà náà, nice ti di ọ̀rọ̀ àárín ọmọ ìyá. Ffmpeg àbúrò mi wà ní 19 lóòótọ́, àmọ́ nínú ìdí tirẹ̀ òun nìkan ni, kò sí ọmọ ìyá tí ó lè yọ̀ǹda nǹkan fún, ìdí kejì tí Python wà kò sì mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ìdí náà fúnra rẹ̀ ní iye nice tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí a fọwọ́ kàn. Bí ẹ bá ka fáìlì /proc/self/autogroup láti inú terminal, ẹ ó rí nǹkan bíi /autogroup-25 nice 0. Àbúrò mi tẹ echo 19 > /proc/self/autogroup sínú terminal tí ffmpeg yóò ti ṣiṣẹ́, ó tún àwọn iṣẹ́ méjèèjì bẹ̀rẹ̀, ti Python sì fi ti fídíò sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá autogroup wà ní títàn lórí ẹ̀rọ rẹ̀ lè wo /proc/sys/kernel/sched_autogroup_enabled. 1 túmọ̀ sí bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sí ohun tó fi hàn pé ìjà lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju ìtàn Con Kolivas lọ, dókítà ilẹ̀ Australia tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó máa fún aláìsàn ní oògùn ìsùn ṣáájú iṣẹ́ abẹ, tó sì ń kọ kernel lẹ́yìn iṣẹ́ nítorí pé kọ̀ǹpútà ilé ń lọ́ra lójú rẹ̀. Òun ló fi hàn pé a lè pín CPU lọ́nà òdodo láìfi àfọgbọ́nmọ̀ dá ẹni tó yẹ kí a ṣojúure sí mọ̀. Ingo Molnar gbé èrò yẹn, ó kọ CFS, apá kernel tó ń pín CPU, èyí tó wọ inú kernel 2.6.23 ní ọdún 2007, ó sì jẹ́wọ́ pé iṣẹ́ Kolivas ló la ọ̀nà. Ní ọdún 2023, kernel 6.6 fi EEVDF rọ́pò rẹ̀, èyí tí Peter Zijlstra kọ. Àtẹ ìwọ̀n tí mo kà lókè yẹn kò yí padà. 1024 ṣì ni òdo.

Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, systemd, ètò tó ń bẹ̀rẹ̀ àwọn ètò yòókù tó sì ń tọ́jú wọn, ti gba pípín lọ́wọ́ autogroup. Ó máa ń kó process sínú cgroup, ìyẹn ẹ̀ka lábẹ́ ẹ̀ka: system.slice fún àwọn ètò abẹ́lẹ̀, user.slice fún àwa tí a jókòó sídìí ẹ̀rọ, nígbà tí GNOME àti KDE, tí wọ́n ń fi ojú iṣẹ́ hàn wá, tún ń ya session.slice, tí ojú iṣẹ́ fúnra rẹ̀ wà, sọ́tọ̀ kúrò lára app.slice tí Firefox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, láti 1 dé 10000, 100 sì ni a ń bá níbẹ̀. Níbi tí cgroup bá ti ń pín CPU, kernel kò ní wo autogroup mọ́ rárá, ẹni tó bá ń kọ nọ́ḿbà sínú fáìlì àná yẹn kàn ń yọ ara rẹ̀ lẹ́nu ni. Ohun tí mò ń tẹ̀ nísinsìnyí nìyí:

systemd-run --user --scope -p CPUWeight=20 ffmpeg …

Bí ètò kan ṣoṣo tó wà ní 100 bá ń bá a du CPU nínú ẹ̀ka kan náà, ìdá kan nínú mẹ́fà ni ti ffmpeg. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná bóyá agbára pípín dé ọ̀dọ̀ yín: ẹ ka fáìlì cgroup.controllers tó wà nínú /sys/fs/cgroup/user.slice/user-1000.slice/user@1000.service, 1000 sì ni nọ́ḿbà ẹni àkọ́kọ́ tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Bí ọ̀rọ̀ náà cpu kò bá sí nínú ohun tí ó kọ, àwọn ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn wà fún orúkọ lásán ní ti CPU, nice tàbí autogroup ni yóò sì máa ṣiṣẹ́ láàárín wọn. Èyí ló fà á tí ẹni méjì tó ń lo Linux fi lè tẹ àṣẹ kan náà kí wọ́n sì rí nǹkan ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí àwọn méjèèjì á máa pe ara wọn lónírọ́.

Renice tún ní àléébù kan tó ń tan ènìyàn jẹ. Ìlànà POSIX sọ pé iye nice jẹ́ ti process lódindi, ṣùgbọ́n lórí Linux, thread kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ inú process, ló ní tirẹ̀. Thread tuntun ń jogún iye tó wà lára ẹni tó bí i, nítorí náà ètò tí a fi nice bẹ̀rẹ̀ kò ní wàhálà. Ẹni tó bá dúró títí ffmpeg fi pín ara rẹ̀ sí thread mẹ́jọ kí ó tó tẹ renice -n 15 -p pẹ̀lú nọ́ḿbà process náà, thread tó jẹ́ olórí nìkan ló mú, èyí tí kì í sábà ṣe iṣẹ́ kan tó nípọn. Àwọn méje yòókù ṣì wà ní òdo, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ. Àwọn nọ́ḿbà tó wà nínú /proc/PID/task, níbi tí PID dúró fún nọ́ḿbà process, la gbọ́dọ̀ fún renice, gbogbo wọn pátá. Mo gbà pé àléébù kernel ni èyí, kì í ṣe ti ẹni tó ń lò ó.

Àwọn iṣẹ́ kánjúkánjú kò sí lábẹ́ nice rárá. SCHED_FIFO àti SCHED_RR, oríṣi méjì tí wọ́n pín sí, ní nọ́ḿbà tiwọn, láti 1 dé 99, ẹni tó bá wà níbẹ̀ sì ń ṣáájú gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ nice, ì báà jẹ́ -20. Níbí ni a ti lè sọ pé ẹnìkan ń dúró de ẹnìkejì ní tòótọ́. Ohùn ni ó nílò rẹ̀ jù lọ lórí kọ̀ǹpútà bíi tiwa: PipeWire, ètò tó ń darí ohùn, máa ń ti ọwọ́ RealtimeKit, ètò tó ń fúnni láṣẹ bẹ́ẹ̀, gba ipò yìí láìjẹ́ root, kí ìlù tó ń dún má baà já nígbà tí ẹ̀rọ bá ń fi iṣẹ́ mìíràn làágùn. Kernel a máa fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pamọ́ fún àwọn yòókù, kí process kan tó ya wèrè nípò yẹn má baà ti gbogbo ẹ̀rọ pa. Ẹ má fi chrt, àṣẹ tó ń gbé ètò sí irú ipò bẹ́ẹ̀, gbé ètò tí ẹ kò kọ fúnra yín síbẹ̀. Apá kejì chrt ló wúlò fún wa: chrt --idle 0 ṣáájú orúkọ ètò yóò fún un ní ìwọ̀n 3, èyí tó kéré ju 15 ti nice 19 lọ.

Bí mo bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń lọ́ra kò ní ìṣòro CPU kankan. RAM, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ, ni kò tó. Ẹ̀rọ 4GB tí Chrome ṣí ogún ojúewé lórí rẹ̀ yóò máa kó nǹkan lọ sí swap, àyè ìrántí orí dísìkì, yóò máa kó o bọ̀, eku ojú ẹ̀rọ yóò dúró gbọnin, bẹ́ẹ̀ CPU fúnra rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe. Kò sí nọ́ḿbà nice tó lè ran ẹni tó ń dúró de dísìkì lọ́wọ́. Láti kernel 4.20, ní ìparí ọdún 2018, fáìlì mẹ́ta wà nínú /proc/pressure, cpu, memory àti io, tí wọ́n ń sọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹ̀rọ lẹ́sẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú some avg10=, nọ́ḿbà tó bá tẹ̀ lé e sì ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún àkókò, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá tó kọjá, tí ó kéré tán iṣẹ́ kan fi dúró de nǹkan yẹn. Bí ti cpu bá wà nítòsí òdo tí ti memory sì ń fò sókè, ẹ pa ojúewé díẹ̀ dé, tàbí kí ẹ wá owó RAM. Ẹni tí ti io bá ń dà láàmú lè gbìyànjú ionice -c 3 fún iṣẹ́ tó ń kó fáìlì kiri, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ wo /sys/block/sda/queue/scheduler, tó ń sọ ohun tó ń to àwọn iṣẹ́ dísìkì náà sórí ìlà. Bfq ni ionice wúlò fún jù, níbi tí none bá sì wà láàárín àmì àkámọ́, bí ó ti sábà máa ń rí lórí NVMe, irú dísìkì ayára kan, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohun tí ionice sọ.

Ó wá ku ti bátìrì tí mo yẹ̀ sẹ́yìn lókè. Ní oṣù kẹjọ, nígbà ọdún Ọ̀ṣun, fídíò tí a ń kó bọ̀ láti Igbó Ọ̀ṣun máa ń pọ̀ débi pé iṣẹ́ kò lè dúró de iná. Bí wọ́n bá mú iná lọ, tí ó di orí inverter, ìpín kò wúlò mọ́, òdiwọ̀n ni mo nílò, CPUQuota ló sì ń ṣe é: systemd-run --user --scope -p CPUQuota=150% ffmpeg … kò ní jẹ́ kí ffmpeg kọjá agbára core kan àtààbọ̀, ì báà jẹ́ pé gbogbo core yòókù ló jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Iṣẹ́ náà yóò pẹ́ ju bó ti yẹ lọ, fáànì kò sì ní pariwo. Bí iná bá dé, ọ̀nà wà láti gbé òdiwọ̀n náà kúrò láìdá iṣẹ́ dúró: systemctl --user set-property --runtime, kí a fi orúkọ scope tí systemd-run kọ sójú ẹ̀rọ ní ìbẹ̀rẹ̀ tẹ̀ lé e, kí a sì fi CPUQuota= kádìí rẹ̀ láìkọ nọ́ḿbà kankan tẹ̀ lé e.